Ṣáàfù Tí Kò Sinmi

Mo ń dúró de géètì mi ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan ní Ìgandó nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, ó fi báńdéèjì di ọwọ́, kò sì lè dúró sójú kan.

"Bàbá, ọkọ̀ ojú omi onígbòkun ni mo ń bá wọn tọ́jú. Tí atẹ́gùn bá ti mú ìgbòkun, a máa ń pa ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ ṣáàfù, irin gbọọrọ tó di propẹ́là, abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀, mú, ò ní yé yí."

Wẹ́dà ò gbójú sókè. "Kí ló wá ń yí i?"

"Omi ni, sà. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré ni omi ń yí propẹ́là. Abẹ́ ibi tí mo ń sùn sí ló ti ń kùn. Mo fi okùn mú un, okùn já, ó bó mi lọ́wọ́. Ẹ bá mi jó ìkọ́ tó máa mú un kó sinmi."

"Nígbà tó ń yí lọ́wọ́? Mi ò ní jó o. Ẹ sọ ìgbòkun kalẹ̀ ná, kí ọkọ̀ dúró. Ìgbà yẹn lo tó lè dè é."

"Ọ̀gá ò ní gbà, wọ́n máa ń kánjú. Ẹ ṣá bá mi mú un kó sinmi, jàre."

Wẹ́dà ṣí ìbòjú rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Kò rẹ irin yẹn, ọmọ mi. Ìwọ ló rẹ̀. Jókòó."

Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò yé gbọ̀n.