Ta Ló Ń Fi Ọwọ́ Mi Kọ̀wé?

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé E ga! Ògo fún Ọba tó gba orí mi sílẹ̀! Mo ní orí mi o, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ ké Halelúyà kí wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Ola!

Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó. Ìṣirò àti físíìsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní Èjìgbò yìí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, orí fóònù la ti ń ṣe é. Àwọn ọmọ á ya ìbéèrè wọn ní fọ́tò, wọ́n á fi í sínú gúrúùpù wa. Èmi á ṣe é sórí ìwé ní ìlà dé ìlà, màá yà á, màá fi ránṣẹ́. Òfin kan ló wà níbẹ̀: àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ gbọ́dọ̀ hàn létí ìwé nínú fọ́tò náà, ká lè mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é, pé o ò jí i wò níbòmíràn. Èmi fúnra mi ń pa òfin náà mọ́. Gbogbo wọn ló mọ àtàǹpàkò mi, nítorí àpá ọ̀bẹ tó wà lára rẹ̀.

Wàyí o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ kan kọ̀wé láti Ola: "Ẹ ṣeun mà, ìdáhùn yín ti yé mi." Ìdáhùn wo? N kò tíì dáhùn nǹkan kan lọ́jọ́ náà! Mo ṣí fọ́tò. Ìwé mi ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Àtàǹpàkò mi nìyẹn, tòun ti àpá ọ̀bẹ. Ìṣirò náà sì tọ̀nà délẹ̀délẹ̀. Ẹ̀yin ará, gbogbo irun ara mi ló dìde. N kò rántí pé mo kọ ọ́. N kò rántí rárá!

Mo ní bóyá mo kàn gbàgbé ni. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ṣẹlẹ̀. Mo ń ti ilé ìdáná bọ̀, mo bá ìwé lórí tábìlì tí yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Èmi nìkan ni mo wà nílé o! Ó di pé n kò lè jókòó sídìí tábìlì náà mọ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Tí mo bá ń kọjá, ẹ̀gbẹ́ ni màá fi rìn, bí ẹni pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀.

Baálé mi ní, "Ìyá Bọ́lá, ìwọ náà lo kọ ọ́. Àgbà ló ń dé." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àlàájà, tó ti Àbíján wá kí wa, pariwo: "Súbúhánáláhì! Ìyàwó mi, ẹnìkan ló ń lo ọwọ́ rẹ. Ju fóònù yẹn nù!"

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ikú. Orí mi ni mò ń bẹ̀rù fún. N kò ní oko, n kò kọ́lé sí Àbíján bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Orí yìí ni gbogbo ohun tí mo ní. Bí ẹlòmíràn bá wá ń lò ó, kí ló kù fún mi?

Ọmọbìnrin kan wà nínú gúrúùpù, Àdùnní lorúkọ rẹ̀, ará Isundunrin. N kò fojú kàn án rí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Àtàǹpàkò yín ò hàn mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Apá òsì ìwé yín sì máa ń ṣófo. Ṣé ara yín le, mà?" Háà! Lójú gbogbo àwọn ọmọ! Èmi ni ọmọ kékeré yìí fẹ́ fi òfin tí mo ṣe mú? Mo yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Àdùnní kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ gun ọ̀kadà wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ kàn bá mi wo àwọn fọ́tò yìí." Ó ti to gbogbo ìdáhùn mi tẹ̀lé ara wọn. Baálé mi gba fóònù, ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Ó ní lójoojúmọ́ ni ìkọ̀wé mi ń sún sí apá ọ̀tún, bí ẹni pé nǹkan ń tì í. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, àárín ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìlàjì gíráàfù ni mo sì yà.

Èmi náà wò ó. Ẹ gbọ́ o! Lójú tèmi, ìwé náà pé. Mo ní, "Kí ló ṣófo níbẹ̀? Ó kún fọ́fọ́!" Mo gbójú sókè, gbogbo wọn ń wò mí. Àlàájà rọra di ọwọ́ mi mú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wọlé wá jókòó sídìí tábìlì mi. Inú mi ni nǹkan náà wà.

Ọjọ́ náà la wọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn ńlá. Dókítà fún mi ní ìwé àti bírò: "Mà, ẹ ya aago fún mi." Aago! Èmi tí mo ti kọ́ àwọn tó di dókítà! Mo yà á, mo kọ nọ́ńbà méjèèjìlá sí i, mo fún un. Baálé mi wò ó, ó bú sẹ́kún. Wọ́n ní apá ọ̀tún ni mo kó gbogbo nọ́ńbà náà jọ sí, apá kejì ṣófo.

Dókítà ní, "Ṣé ẹ forí gbá nǹkan láìpẹ́ yìí, mà?" Mo ní rárá. Ó ṣe díẹ̀, mo rántí: fèrèsé onírin ni, oṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń ká aṣọ. Kò tilẹ̀ wú! Dókítà ní, "Ẹ̀jẹ̀ ló ti ń rọra sun sábẹ́ agbárí yín láti ìgbà náà, ó ń tẹ ọpọlọ yín. Òun ló ń mú yín gbàgbé, òun ni kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé apá òsì wà. Bí ẹ bá dúró dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ á ti di òmíràn."

Wọ́n lu ihò sí agbárí mi, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Nígbà tí mo lajú, mo yíjú sí òsì, mo rí baálé mi lórí àga. Mo ní, "Ìgbà wo lẹ dé?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, láti ìgbà tí wọ́n ti fún wa ní bẹ́ẹ̀dì yìí ni mo ti jókòó síbí. N kò kúrò." Ẹ ṣé, Olúwa! Ẹ ṣé o! Ẹ ṣé!

Mo ti bẹ Àdùnní níwájú gbogbo gúrúùpù. Ó wà láàárín yín níbẹ̀ yẹn. Dìde, ọmọ mi, kí wọ́n rí ọ. Ẹ wo ọmọ tí mo lé nítorí pé ó sọ òótọ́ fún mi! Ìwọ tí ohun tí kò yé ọ ń ṣẹlẹ̀ sí, má dá jókòó tì í. Fi han ẹlòmíràn. Bó bá sọ ohun tí o kò rí fún ọ, má bínú. Ojú rẹ lè máa sọ pé gbogbo rẹ̀ pé, kó má pé. Ọlọ́run tó rí apá tí èmi ò rí á rán ẹni tìrẹ sí ọ.

Títí dòní, n kò tíì rántí ìgbà tí mo kọ ọ̀kankan nínú àwọn ìwé yẹn. Tí mo bá rí wọn, ara mi á bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí, èmi ni. Ẹ wò mí dáadáa. Èmi gan-an ni! Ẹ bá mi dúpẹ́.