Èmi ni mo fi díráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pamọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹrù tí mo ń gbé láti ìgbà tí Kàbbà ṣì wà lábẹ́ Kwara ti wọ̀ mí lọ́rùn. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí torí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ló tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ìyàrá ni mí. Taípíìsì ni mí nígbà náà, ní ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Kàbbà. Èmi náà ni mo ń gba lẹ́tà, tí mo sì ń já a. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n sì gba Rábì, ọmọbìnrin Ògìdì kan tó kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin.

Rábì kò rí mi fín rí. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí. Ó ní kí n máa jókòó ti òun kí n lè mọ kọ̀ǹpútà lò. Mo kọ̀. Ojú ń tì mí kí ọmọdé máa kọ́ mi níṣẹ́.

Nígbà tó yá, ó gba ọ̀gá wa nímọ̀ràn pé kí wọ́n pààrọ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà sí tuntun. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tẹ nǹkan kan mọ́. Rábì ní díráífà ló kù, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́ra wọn yé.

"Dírẹ́bà?" ni ọ̀gá wa wí. "Ṣé ó fẹ́ rìnrìn àjò ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Rábì kò rẹ́rìn-ín.

Ó kọ̀wé sí àwọn tó ta ètò tuntun náà. Wọ́n ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló yẹ kó pèsè rẹ̀. Ó kọ̀wé sí àwọn yẹn. Wọ́n ní ẹni tó gbé ètò tuntun dé ni kó wá ohun tó máa fi bá ẹ̀rọ àwọn sọ̀rọ̀. Ó tún kọ̀wé, ó bẹ̀ wọ́n. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn àgbẹ̀ Amuro àti Igbaruku tó fẹ́ gba ajílẹ̀, tó yẹ ká tẹ̀ ránṣẹ́, kò tíì kúrò lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan, àpò ìwé kan dé. Mo já a. Dísìkì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti gbà láti ṣe díráífà, inú rẹ̀ ni wọ́n kó o sí. Mo dìde kí n gbé e fún Rábì. Ẹ jọ̀ọ́, mo dìde lóòótọ́. Àmọ́ mo wo ẹ̀rọ taípù mi, mo tún jókòó. Mo ti dísìkì náà bọ àpamọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi taípù orúkọ àwọn àgbẹ̀ náà. Ọ̀gá yìn mí níṣojú gbogbo ènìyàn. Ó wá kọjú sí Rábì.

"Ìwọ lo ní ká pààrọ̀ ohun tó ń ṣiṣẹ́. Máa lọ ilé."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọn ò tíì fèsì ni."

Mo gbọ́ ọ. Mo bú sẹ́kún, mo bá a bẹ ọ̀gá, ṣùgbọ́n mi ò sọ òótọ́. Inú ṣáláńgá ni mo sọ dísìkì náà sí.

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan kí mi lójú ọ̀nà ní Kàbbà bí a ṣe ń kíra wa lọ́dọ̀ wa: "Òkun o, ẹ̀gbọ́n." Rábì ni. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé òun, òun ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́, oko ẹ̀gẹ́ ni òun ń dá. Ó fà mí mọ́ra, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, "Ìyá yìí nìkan ló sunkún nítorí mi."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi.

Ọkọ mi ní kí n gbàgbé, pé ọ̀rọ̀ ti di àtijọ́. Ṣùgbọ́n Rábì ní lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, òun máa mú ọmọ náà wá kí mi nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ẹnì kan rí, ṣé kí n jẹ́wọ́ níṣojú ọmọ náà, àbí kí n pe ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀? Ẹ dá mi lóhùn kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.