Òróró Tí Màmá Mi Dà Sórí Láptọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbọ́wọ́ sókè fún Ọlọ́run. Ẹ gbé e dáadáa, kì í ṣe bí ẹni tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró! Halelúyà! Ọpẹ́ tó wà nínú mi lónìí, mi ò lè jókòó tì í.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí sí Brọ́dà Dámilọ́lá tó ń ta gìtá báàsì lẹ́yìn àwọn akọrin. Láàárín ọ̀sẹ̀, kọ̀ǹpútà niṣẹ́ mi. Mò ń kọ àwọn áàpù tí ẹ máa ń lò lórí fóònù. Báǹkì kan ni mo ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀ láti dá tèmi sílẹ̀. Màmá mi ló jókòó níwájú yẹn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ Èkìtì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí iṣẹ́ báǹkì jẹ́ lójú wọn. Inú wọn ò dùn rárá. Tí àwọn ará àdúgbò wọn l'Éjìgbò bá béèrè mi, wọ́n á ní báǹkì ló fún mi ní lìífù, mò ń sinmi.

Ohun tó jẹ́ kí n fi báǹkì sílẹ̀ ò ju pé mo sin Bùkọ́lá ìyàwó mi lọ dirun ní Sátidé kan. A débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní ká jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ àwọn onídìrí wa. Wọ́n á di ìlà méjì sí ẹ lórí kí o má baà lè lọ mọ́, wọ́n á wá bọ́ sórí ẹlòmíràn! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Mi ò ráyè wá fún rihẹ́sà akọrin lọ́jọ́ náà. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo ti rò ó pé, kí ló dé tí èèyàn ò lè wà nílé ẹ̀, kí fóònù sọ fún un pé máa bọ̀? Bí a ṣe ṣe áàpù náà nìyẹn, a sọ ọ́ ní Ó Kàn Ẹ́. Èmi, Kẹ́mi àti Rótìmí la jọ ń ṣe é nínú yàrá kan ní Jakande, ní Ìsọlọ̀ níbí.

Àwọn onídìrí gbà á, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wa ń tán lọ. Ìrètí kan ṣoṣo ló kù, àwọn olùdókòwò kan láti Island tí wọ́n ní àwọn máa wá wo iṣẹ́ wa. Tí wọ́n bá kọ̀, a máa ti ọ́fíìsì. Kẹ́mi àti Rótìmí fiṣẹ́ wọn sílẹ̀ nítorí mi ni o. Ojú wọn ni mò ń rò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wá, mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́ láti Èjìgbò. Wọ́n ní, "Mo wá gbàdúrà sí iṣẹ́ ẹ." Ẹ̀yin ará, omi bọ́ lójú mi. Wọn ò pè é níṣẹ́ rí.

A gbàdúrà, ó gbóná. Wọ́n fi òróró kan ilẹ̀kùn, wọ́n fi kan àga, wọ́n fi kan orí gbogbo wa. Mo yíjú láti bu omi fún wọn. Kí n tó yí padà, Màmá ti ṣí láptọ́ọ̀pù mi, wọ́n ti da òróró sórí àwọn lẹ́tà ẹ̀, ó ń ṣàn wọlé!

"Màmá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Ṣé ibẹ̀ kọ́ lo ti ń ṣiṣẹ́ ni? Mo fẹ́ kó kan ibi tí iṣẹ́ ti ń jáde."

Iná ojú ẹ̀ ṣẹ́jú, ó kú. Màmá ní, "Ṣé ó ń sinmi ni?"

Inú bí mi, mi ò lè purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Àfihàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí fún àwọn àlejò, inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló wà. Bí mo ṣe ń nù ún ni fóònù dún, àwọn àlejò ti wà nísàlẹ̀. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ní, "Olúwa, mi ò lọ́rọ̀ lẹ́nu mọ́, bá mi sọ ọ́." Àdúrà mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ́mi bá rọra sọ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sàmúẹ́lì." Onídìrí ni Ìyá Sàmúẹ́lì, ó wà ládùúgbò wa, áàpù wa ló ń lò.

A débẹ̀. Ẹnì kan ló wà lórí àga ìdìrí. Bẹ́ńṣì ṣófo fọ́ọ́! Obìnrin tó wà nínú àwọn àlejò wò yíká, ó ní, "Níbo làwọn oníbàárà yín wà?"

Ìyá Sàmúẹ́lì ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Wọ́n wà nílé wọn, mà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì pa ẹnu dé tí obìnrin kan fi wọlé tòun ti ọṣẹ ìfọṣọ lápá. "Fóònù ní ó kàn mí o!" Ẹni tó ti parí dìde, òun náà jókòó. Nígbà tó yá, òmíràn dé, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó jókòó de ẹnì kankan. Ọkùnrin àlejò wa wo bẹ́ńṣì yẹn títí, ó wá lọ jókòó sórí ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má wulẹ̀ fi nǹkan kan hàn wá mọ́. A ti rí i."

Ẹ pariwo Halelúyà! Ká ní láptọ́ọ̀pù yẹn tàn ni, abẹ́ fáànù ni mo máa kó wọn jókòó sí, tí mo máa máa fi àwòrán hàn wọ́n. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n pè wá. Wọ́n ti gbà láti fowó sí iṣẹ́ wa! Kẹ́mi ń sunkún, Rótìmí ń fò káàkiri yàrá. Adùn ló gbẹ̀yìn ewúro.

Mo sáré lọ sọ fún Màmá. Àṣé látọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu wọn, wọ́n rò pé àwọn ti ba ayé ọmọ àwọn jẹ́. Wọ́n ní, "Dámilọ́lá, ṣé o ti dárí jì mí?" Èmi tí mo yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́!

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ iṣẹ́ yìí, tí ẹ ṣì jí láàárọ̀ wá gbàdúrà sí i, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé orin fún wa. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi jó pẹ̀lú ìyá mi, kí gbogbo ògo jẹ́ ti Ọlọ́run!