Èmi Kọ́ Ni Mo Fún Halla Ní Májèlé

Rárá o, Taisto, ẹ má tíì béèrè okùn ajá, ẹ jókòó ná, ẹ mu kọfí yín, ajá ò sá lọ, ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ti jẹun láàárọ̀, ara rẹ̀ ti yá. Èmi ni ara mi ò yá. Èmi ni Sirkka ìyàwó yín gbé sórí Fesibúùkù ìlú yìí, tó ní mo fún ajá òun ní májèlé. Májèlé, Taisto. Èmi dókítà ẹranko tí mo gbẹ̀bí Halla nínú gáréèjì yín nígbà òtútù, tí mi ò mọ̀ bóyá ìka ṣì wà lọ́wọ́ mi kí ọmọ tó kẹ́yìn tó jáde.

Ṣé ẹ kà á? Ó ní lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé Halla wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, mo fi nǹkan mìíràn sínú abẹ́rẹ́ náà, kí ajá lè ṣàìsàn, kẹ́ ẹ lè gbé e padà wá, kí n lè gbowó. Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́, gbogbo ìlú sì kà á. Lánàá, ìyá kan pè mí, ológbò rẹ̀ ò lè tọ̀. Mo ní kó máa gbé e bọ̀. Ó ní òun á ṣì máa wò ó di ọjọ́ Ajé, torí òun ti ka nǹkan nípa mi. Ológbò tí ò lè tọ̀ kì í dúró de ọjọ́ Ajé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní mi ò gba nǹkan kan, ó pa fóònù. Lọ́sàn-án òní, wọ́n ti sin ín sẹ́yìn sáùnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wọn. Ta ló pa ológbò yẹn? Ẹ dá mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo máa ń lọ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, ọmọ ọdún méje ń gbọ́ mi yé ju Sirkka lọ. Bí èèyàn bá ṣàìsàn níbí, á lọ sí ọsibítù, á san owó díẹ̀, á máa lọ sílé. Kò mọ iye tí bẹ́ẹ̀dì yẹn jẹ́, torí owó orí gbogbo wa ló san èyí tó kù. Owó orí kì í san ti ajá. Oògùn oorun, ẹ̀rọ atẹ́gùn, ẹni tó ń jókòó tì í kó má baà gbàgbé láti mí, èmi ni mo ń kọ́kọ́ sanwó gbogbo ẹ̀. Ṣé ó yé yín? Ẹ má kàn máa mirí.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, mo sọ fún Sirkka pé eyín Halla ń jẹrà, ó yẹ ká fọ̀ ọ́, a sì gbọ́dọ̀ kùn ún lóorun, torí ajá ò lè jókòó lanu sílẹ̀ bí èèyàn. Mo dárúkọ owó. Ó wò mí bíi pé mo ní kó ta ọkọ̀ ojú omi yín. Ó ní, “Ẹ̀ ń fi ẹranko wa kọ́lé.” Ilé wo? Ẹ gbójú sókè, ẹ wo òrùlé tó ń jò sínú bákẹ́ẹ̀tì.

Ó gbé ajá lọ. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé e padà wọlé, Halla ń rìn bí ọ̀mùtí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà inú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, ta ló fún un ní sáílítọ́ọ̀lì? Súìtì tí tíṣà ń pín fún wa láti jẹ́léósinmi, tí gbogbo wa ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ kí eyín má baà kẹ̀. Èmi náà ní tèmi nínú dúrọ́ọ̀, mo tì í pa. Èèyàn á jẹ ẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ara ajá máa ń rò pé ṣúgà gidi ló wọlé, á wá gbá gbogbo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dànù, ọpọlọ á sì máa kú lọ. Sirkka fọwọ́ lé àyà, ó búra pé nǹkan tó jọ ọ́ ò kan ẹnu ajá òun. Irọ́ gbuu. Mo jókòó ti Halla, mò ń fi ṣúgà sí i níṣan díẹ̀díẹ̀, títí tó fi gbórí sókè. Èrè mi nìyẹn, ẹ lọ kà á lórí Fesibúùkù.

Mi ò tíì béèrè owó. Orúkọ mi ni mo fẹ́. Ibi tó kọ irọ́ sí gan-an ni kó kọ òótọ́ sí, kó ní òun ahun lòun fọwọ́ ara òun fún ajá ní súìtì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n mú un wá. Halla, máa bọ̀. Wo bàbá ẹ. Ẹ rí i bó ṣe ń jùrù.

Kí ló ń fimú wá nínú jákẹ́ẹ̀tì yín? Halla, sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wò ó, ó ti jókòó, ó na ọwọ́. Taisto, kí ló ń dún nínú àpò yẹn? Kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ajá kì í jókòó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ẹ mú un jáde. Ẹ gbé e sókè níbẹ̀ yẹn, kí ẹnu ẹ̀ má tó o.

Áà. Súìtì sáílítọ́ọ̀lì.

Ẹ̀yin ni. Ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún Halla, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀ ń fi tọ́jú eyín rẹ̀. Mo gbọ́. Sátidé ńkọ́? Àlejò ń bọ̀ wá mu kọfí, Sirkka ní ẹnu ajá ń rùn, ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ fún un. Ẹ̀kúnwọ́, Taisto. Sirkka ń búra níwájú mi níbí, ẹ̀yin jókòó sínú ọkọ̀ níta, ẹ ò pa iná ẹ̀ńjìnnì. Ó ń kọ̀wé sọ̀rọ̀ mi láìdáa, ẹ jókòó tì í, ẹ̀ ń wo họ́kì lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi sì ti ń ṣépè fún obìnrin yẹn láti Sátidé.

Ẹ fi okùn yẹn sílẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé tẹ́ ẹ bá délé lẹ máa sọ fún un. Mo mọ̀ yín, ẹ ó délé, ẹ ó wọ sáùnà, ọ̀rọ̀ á di ọ̀la, ọ̀la á di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Fóònù mi nìyí, mo ti tẹ̀ ẹ́, ó ń dún.

Sirkka? Tellervo ni, dókítà Halla. Rárá, ajá wà dáadáa. Ẹ má tíì bínú, èmi náà ò tíì bínú tán. Ọkọ yín fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà á. Ẹ sọ òótọ́ náà sókè, kí n gbọ́.