Ẹja Díndín Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Mi ò tẹ́tí sí wọn o. Ariwo ẹ̀rọ ata l'Ọ́jà'ba ló mú kí àwọn obìnrin méjì tó wà níwájú mi máa fi igbe sọ̀rọ̀, nínú ààwẹ̀ tó kọjá. Èyí àgbà, tó fi ìborùn funfun borí, ló bẹ̀rẹ̀.

“Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, o ò dáná lọ́sàn-án mọ́. Búrẹ́dì ṣáá làwọn ọmọ rẹ ń jẹ.”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí o, Àlàájà. Yàrá wa ló kọjú síra. Bí mo bá din ẹja, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo òórùn rẹ̀ ń wọ̀. Èmi tí mi ò gbààwẹ̀, ṣé ó yẹ kí n máa fi ìyẹn dán yín wò?”

“Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ yẹn? Bí mo bá jókòó látàárọ̀ tí mi ò gbóòórùn nǹkan kan, ààwẹ̀ wo ni mò ń gbà? Lọ dáná, jàre. Jẹ́ kó ta sánsán. Má bá mi dín láádá mi kù.”

Èyí tó kéré bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbé ata wọn, wọ́n ń lọ, kí Àlàájà tó tún dúró.

“Ṣùgbọ́n bá mi tọ́jú orí ẹja di ìṣínu o. Láádá kì í yó èèyàn.”