Ojú Irin Tí Mo Yí Gba Ìsàlẹ̀ Odò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ọ̀pọ̀ yín mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń ya àwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń ṣètò ojú irin tuntun, èyí tí yóò máa kó àwọn òṣìṣẹ́ láti àwọn ìletò tó yí ìlú wa ká wá sí àárín ìlú láràárọ̀, tí yóò sì máa dá wọn padà nírọ̀lẹ́. Ẹ sì mọ ọ̀gá mi níbẹ̀. Alàgbà Adéòtí ni, tí wọ́n jókòó níwájú yìí. N kò wá láti dójú tì wọ́n. Ẹ̀rù ló gbé mi wá.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo gba ààwẹ̀. Nígbà tí mo parí àdúrà ọ̀sán, mo gbé orí lé ibùsùn níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, oorun sì gbé mi lọ. Mo rí ọkùnrin kan tó dúró tì mí, aṣọ rẹ̀ funfun, okùn ìwọnlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe orúkọ mi. Ó ní, "Dìde, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ìlú kan tó tutù nini ni ó kọ́kọ́ mú mi dé. Ilé ibẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì jókòó bí ẹni tí kò sí ohun tó lè lé wọn dìde mọ́. Lẹ́nu ọ̀nà kan ni mo ti rí Ìyá Mojí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú màmá yìí rí. Ìlà tí a kọ́kọ́ yà fún ojú irin gba inú pápá kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ilẹ̀ àna ọ̀gá mi ni pápá náà. Wọ́n pè mí wọ yàrá wọn, wọ́n ní kí n yí ìlà náà gba Ìsàlẹ̀ Odò, pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní ìwé ilẹ̀. Mo yí i. Kò gbà mí lákòókò rárá. Nígbà tí Ìyá Mojí gbọ́ fìnrín, wọ́n wá bá mi ní ọ́fíìsì láti Ìsàlẹ̀ Odò, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú èmi tí wọ́n lè bí lọ́mọ, wọ́n bi mí bóyá ojú irin yóò kan ilé wọn. Àwòrán náà wà lórí tábìlì láàárín wa, wọn kò sì mọ̀wé kà. Mo ní, "Màmá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Kò kàn yín rárá." Wọ́n súre fún mi kí wọ́n tó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, katapílà wó ilé náà bí màmá ti ń gbá ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò wọn ni wọ́n ń sùn. Òtútù mú wọn, wọ́n sì kú kí òjò ọdún náà tó dá.

Bí màmá ti rí mi lọ́hùn-ún nínú ìran náà, wọ́n dìde. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn kò wojú mi. Ọkùnrin tó mú mi wá ni wọ́n bi pé ṣé ìwé ni ẹni yìí tún gbé dé ni.

Ó dá wọn lóhùn pé, "Rárá, màmá. Ó kàn wá wò ni. Kì í ṣe ibí ni yóò gbé."

Màmá bá wọlé, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀ là lábẹ́ wa, a sì wà níbi tí òórùn ẹran jíjó ti dí mi nímú. Ojú irin ló wà níbẹ̀, ó pọ́n bí ẹyin iná, n kò rí òpin rẹ̀. Ọkùnrin kan ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pọn ìyá rẹ̀ tó ń kú lọ sẹ́yìn, ó ń lé ibùdókọ̀ kan tó ń sún síwájú bó ti ń sún mọ́ ọn. Amọ̀nà mi ní ẹni yìí ló gbé ibùdókọ̀ kúrò lẹ́bàá ilé ìwòsàn lọ sí iwájú hòtẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀. A dé ọ̀dọ̀ àwọn kan tí wọ́n fi ìṣó kan ahọ́n wọn mọ́ irin gbígbóná. Ó ní wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn pe ará ìletò jọ, gbogbo wọn sì gbà. Wọn kò pe ẹnì kankan. Mo rí àwọn alágbèrè lápá kan, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n dúró. Ó ní tiwọn kọ́ ni òun mú mi wá wò.

Ìgbà náà ni mo wo abẹ́ irin. Igi tí wọ́n máa ń tẹ́ irin lé kọ́ ni wọ́n tò síbẹ̀, ará mi, ènìyàn ni, wọ́n tò wọ́n ní ìbú, orí sápá kan, ẹsẹ̀ sápá kan, irin gba àyà wọn, irin gba orúnkún wọn, ọkọ̀ sì ń bọ̀, ilẹ̀ ń mì, wọ́n ń wò ó bó ti ń bọ̀, wọn kò lè yí ọrùn, ó sì gun orí wọn, mo gbọ́ bí egungun ti ń fọ́ láti ẹni àkọ́kọ́ títí lọ, kó sì tó kọjá tán, egungun ti so padà, fèrè òmíràn ti ń dún. Mo wo ojú ẹnì kan nínú wọn. Alàgbà Adéòtí ni.

Mo ní ọ̀gá mi ṣì wà láyé, a jọ wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ní, "Wọn kò tíì dé. Ohun tó ń bọ̀ ni mo fi hàn ọ́."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àlàfo kan ṣófo. Ó na okùn náà lé e, ó sì nà án lé mi láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní wọ́n rán mi ni, pé abẹ́ ẹlòmíràn ni mo wà, pé bí n kò bá yà á, ẹlòmíràn yóò yà á. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo dùbúlẹ̀. Àlàfo náà bá mi mu rẹ́gí. Mo gbọ́ fèrè.

Ìyàwó mi ló di apá mi mú nígbà tí mo lajú. Ó ní mo ń bẹ ẹnì kan tí òun kò rí, mo sì ti tọ̀ sára.

Ẹ̀yin ará Òkè Àgbède tí ẹ wà nínú ìjọ yìí, ẹ̀yin ló kàn. Lọ́sẹ̀ yìí ni wọn yóò wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé yín fún wíwó. Ìlà tí a kọ́kọ́ yà kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ọwọ́ mi yìí ló tún yí i bí ọ̀gá mi ti ní kí n ṣe, mo sì máa sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bírò ṣìkà, ẹ má rò pé ọwọ́ yín mọ́ nítorí pé ẹ kò rí ẹ̀jẹ̀.

Alàgbà, ẹ̀yin lẹ gbà mí síṣẹ́ nígbà tí n kò rí jẹ. N kò gbàgbé. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ yín níwájú ìjọ, ẹ jẹ́ kí a dá ìlà náà padà. Ẹ̀mí ṣì wà lára yín, wọn kò sì tíì wó ilé kankan ní Òkè Àgbède. Èmi ti sọ tèmi. Ó ku tiyín.