Ìgò Tí Mo Fún Twaambo

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó tún rí ọ̀nà sá gbà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bo irọ́ yìí mọ́lẹ̀, tí gbogbo àdúgbò Chilenje ń pè mí ní èèyàn dáadáa. Èèyàn dáadáa! Èmi Bana Kasuba, tí mo ń ṣe irun, tí mo ń kun ojú ìyàwó lóge, èmi ni mo fọ́ ojú Twaambo.

Lẹ́ǹsì ló dá a sílẹ̀, awò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ tí àwọn ọmọbìnrin ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú kí ojú wọn lè dà bíi ti ológbò. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀. Ìyàwó tí kò gbọdọ̀ gbójú sókè títí kíṣìn-pátì rẹ̀, àríyá tí àwọn obìnrin ń ṣe fún un ṣáájú ìgbéyàwó, yóò fi parí ló tún ń wá àwọ̀ ojú, nítorí fọ́tò! Mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú, mo sì ń yá wọn ní lẹ́ǹsì. Ẹyọ méjì péré ni mo ní. Ìyàwó mẹ́fà ti fi sójú kí ó tó kan Twaambo. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ti tán tipẹ́, ìgò rẹ̀ nìkan ló kù, mo sì máa ń bu omi inú dọ́ọ̀mù, ìyẹn àgbá omi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, sínú rẹ̀, dọ́ọ̀mù tí ara rẹ̀ ti ń yọ̀, tó ti di àwọ̀ ewé. Ìgò yẹn ni mo gbé fún Twaambo lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kíṣìn-pátì rẹ̀, pé kó máa fi lẹ́ǹsì sójú kó lè mọ́ ọn lára. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, “Bana Kasuba, ẹ má bínú o, kí ló dé tí oògùn yìí ń rùn bí omi ìsàlẹ̀ dọ́ọ̀mù?” Mo pòṣé. Mo ní, “Imú lo fẹ́ fi wọ̀ ọ́ ni, àbí ojú?” Òun ló tún bẹ̀ mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kíṣìn-pátì, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti pọ́n kuku. “Màmá, ó ń ta mí bí ata. Mi ò lè wo iná rárá. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́.” Ẹni tó ní làákàyè ìbá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èmi ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí pé àwọn àǹtí rẹ̀ yóò bèèrè ohun tí mo fi sí i lójú, kò sì ní sí ìyàwó tí yóò wá bá mi mọ́. Mo ní, “Fi sójú, jàre. Ta ni yóò rí ojú ẹ? Ṣebí ilẹ̀ ni wàá máa wò.” Wọ́n gbé e jókòó sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ ṣítẹ́ńgè bò ó lórí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣí i, omijé ń dà wàràwàrà lójú ọmọ náà. Bana Chisala, ìyá tó kọ́ ọ ní ìwà ilé ọkọ, pariwo: “Ẹ wo ọmọ tí wọ́n tọ́! Ẹ wo ẹkún ọmọlúàbí! Ọmọ tiyín ńkọ́, tó ń yọ eyín síta bí ẹni ń ta ẹja kàpéńtà?” Wọ́n hó, wọ́n jó. Mo bá wọn jó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹkún kọ́ nìyẹn, mo sì ń ju ìdí.

Lọ́jọ́ kẹta, kò ríran mọ́ lójú náà. Èmi alábòsí ni mo dì í lọ́wọ́ mú lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní, “Màmá, ṣé omi lásán ò kan lẹ́ǹsì yìí? Kòkòrò kan wà nínú omi, àmíbà, ó kéré débi pé ojú ò rí i, ó máa ń jẹ ẹyinjú. Oògùn tiẹ̀ yàtọ̀. Tí a bá tètè mọ̀, ojú yìí ò ní lọ.” Twaambo dá a lóhùn kí n tó lanu: “Oògùn ni mo fi ń fọ̀ ọ́, dókítà. Bana Kasuba ló fún mi.” Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí. Mo ní, “Oògùn ni. Àbí mo jọ ẹni tí kò mọ ìmọ́tótó lójú yín ni?” Wọ́n fi oògùn mìíràn tọ́jú rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí wọ́n fi rí àmíbà náà fúnra wọn, ẹyinjú ti funfun. Twaambo dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ní bóyá nítorí pé òun ń wẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì lójú ni. Mo ní, “Bóyá ni, ọmọ mi.” Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ẹ tutọ́ sí mi lára.

Lánàá, ó mú àbúrò rẹ̀, Luyando, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìgbéyàwó tirẹ̀ ku oṣù kan. Lẹ́ǹsì lòun náà ń fẹ́, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi í sílẹ̀, kò gbọ́. Twaambo fi ojú kan tó kù wò ó, ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n má fi wẹ̀ bíi tèmi o, olórí kunkun. Oògùn Bana Kasuba nìkan ni kó o máa fi fọ̀ ọ́.” Luyando bá na ọwọ́ sí ìgò náà. Mo parọ́ pé oògùn ti tán, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀la ni Sátidé. Mo ti da dọ́ọ̀mù náà nù, mo ti fọ́ ìgò, mo sì ti sun lẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: bí wọ́n bá wọlé, n óò tún rí irọ́ mìíràn pa. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé nìyí, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù níta, níbi tí gbogbo àdúgbò yóò ti kà á kí n tó lanu. Luyando, má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun tó ti ọwọ́ mi wá kan ojú rẹ. Twaambo, ọmọ mi, kì í ṣe omi tí o fi wẹ̀. Imú rẹ ò parọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. Omi dọ́ọ̀mù ni.